Ẹyin Àgíríìkì Abẹ́ Adìẹ Mi

Mo jowú Ràmọ́tà ẹlẹ́ní. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Mo jowú rẹ̀ débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi sì ń bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọdún 1984, ọdún tí ìjọba pààrọ̀ owó tí àwọn ṣọ́jà sì ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà, gbogbo bùbá mi ló di gbàgẹ̀rẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Mọ́ṣádé lorúkọ mi, tíṣà sì ni mí. Mo ní ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Tú, mo sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níwájú pátákó ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ mi, Walter, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Jímọ́ ló ń wálé, ọjọ́ Ajé ló ń padà. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi wá ọmọ yẹn. Kò sí ilé àdúrà tí mi ò dé, kò sí àgbo tí mi ò mu. Kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé Ràmọ́tà, lẹ́yìn ọjà Òkè-Ajé. Ìmùṣin ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ilé kéwú, ó mú òun lọ sóko. Sàlàkọ́ aláṣọ ló fẹ́ ẹ wá sí Òde, Sàlàkọ́ sì ti kú ní bí ọdún méje ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ méjì ló bí fún un, kò sí èyí tó dúró nínú àwọn méjèèjì. Ẹní ló ń hun. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò na ẹsẹ̀, yóò máa hun ẹní, yóò máa kọrin lábẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ayé kò ṣe é ní nǹkan kan rí. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, nítorí náà “Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹ kú iṣẹ́ o” ni mo máa ń wí lójú rẹ̀. Nínú ikùn mi, Ràmọ́tà lásán ni. Òun náà máa ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, nítorí ìwé tí mo kà.

Ìwé tí mo kà! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé tí mo kà ṣe fún mi. Bí ilé-ìwé bá ti tì fún ọlidé ńlá, gbogbo ọmọ àdúgbò, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ mùsùlùmí, wọn a dà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ràmọ́tà. Kò pè wọ́n. Kò fún wọn ní bisikíìtì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìgò Bọ́ńfítà kan tí àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń fi ìrù wẹ̀ nínú rẹ̀, àti ìkòkò fífọ́ kan tí ó fi ilẹ̀ dúdú kún, tí ìgbín yé sí. Ẹ̀ka igi ọsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ó fi àwọ̀n bò, kòkòrò aláwọ̀ ewé sì ń jẹ ewé rẹ̀ wòmùwòmù. Adìẹ rẹ̀ tó ń sàba wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tirẹ̀ tó ń ṣọ́. Bí ọmọ kan bá sáré wá béèrè pé, “Ìyá Ẹlẹ́ní, kí ló dé tí kò jẹun lónìí?” èsì kan ṣoṣo ló ní. “Má bi mí. Bi í.” Ọmọ yóò sì padà lọ dojúbolẹ̀ síwájú kòkòrò, yóò máa wò ó fún odindi wákàtí kan. Ọmọ tí n kò lè mú jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní kíláàsì!

Ti ẹní ló wá burú jù. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá fi ń ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí, ọmọ tó ni ín yóò mú koríko kan, Ràmọ́tà yóò sì hun ún mọ́ ẹní ọmọ náà. Bí nǹkan kò bá yàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn, koríko funfun ni. Bí ó bá yí padà, bí ó bá bọ́ awọ tàbí bí ó bá yọ ẹsẹ̀, koríko pupa ni. Nígbà tí labalábá bá fò lọ, wọn á ká ẹní náà, ọmọ á gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ sọ fún mi, kí nìyẹn bí kò ṣe ìwé? Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá ìdábùú ń kọ́ ọmọ mi níwèé lórí ẹní.

Mosún gbé tirẹ̀ wálé ní ọ̀sẹ̀ kejì ọlidé. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá, ó ń fi ìka tọ́ ọ fún mi.

“Níbí ló ti jẹun yó, Màámi. Níbí ló ti bọ́ awọ. Níbí ló ti rọ̀ mọ́ igi tí kò mira mọ́, a rò pé ó ti kú. Adébùsọ́lá ẹgbẹ́ mi sunkún. Ìyá Ẹlẹ́ní ní ká má sin ín.”

Bó ṣe fẹ́ sùn, ó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fónò tí bàbá rẹ̀ fi owó gidi rà, ó sùn sórí ẹní Ràmọ́tà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó. Mo ní, ṣé èmi ni mo bí ọmọ yìí, àbí obìnrin yẹn?

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé pátákó kékeré tí mo fi ń ṣe lẹ́sìnnì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi náà. Mo ní Ràmọ́tà kọ́ ni yóò kọ́ Mosún, èmi tí ìjọba sanwó fún ni yóò kọ́ ọ. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya ọ̀pọ̀lọ́ bí mo ṣe máa ń yà á láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ya ẹyin rẹ̀. Mo ya èyí tó ní ìrù. Mo ya èyí tó yọ ẹsẹ̀ iwájú méjì. Mosún gbé ọwọ́ sókè.

“Màámi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń yọ.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rí i nínú ìgò.”

Mo gbá a létí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbá a. Nígbà tó sunkún lọ sínú yàrá, mo lọ wá ìwé Sáyẹ́ǹsì mi, mo ṣí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ó wà níbẹ̀ kedere, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, èmi ni mi ò wò ó dáadáa rí. Mo pa ìwé náà dé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lórí ògiri. Èmi, ìyàwó Walter, tíṣà ọmọlúàbí, mo ń gun àpótí lẹ́yìn ògiri láti máa wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ opó! Mo rí bí Mosún ṣe jókòó tì í, tó gbé orí lé e ní itan, tó ń to koríko fún un. Ràmọ́tà kò fọwọ́ kàn án pàápàá. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ mi ló sún mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Ká ní ó fà á mọ́ra ni, n bá ní ó ń fi nǹkan fa ojú ọmọ mi mọ́ra, n bá rí ohun tí n ó bá a jà lé lórí. Kò fi àyè ìjà sílẹ̀ fún mi, ìyẹn náà sì tún bí mi nínú.

Bí mo ṣe ń ronú lórí àpótí yẹn ni ètò kan wá sí mi lọ́kàn. Ẹyin adìẹ! Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà ń retí ẹyin abẹ́ adìẹ rẹ̀. Èmi náà ní adìẹ. Àgbébọ̀ dúdú kan wà nínú ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé mi tó ti yé ẹyin mẹ́jọ, ọjọ́ kejì tó sàba lé wọn sì nìyẹn. Mo lọ wò wọ́n. Ẹyin wẹ́wẹ́ ni, funfun, kò yàtọ̀ sí ti adìẹ Ràmọ́tà rárá. Mo ní kí ni tíṣà yóò fi ẹyin wẹ́wẹ́ ṣe, kí àwọn ọmọ lè máa fi wé tọ̀hún? Mo ní kí Mosún gbé adìẹ sókè, mo kó gbogbo wọn, mo dín wọn, a fi jẹ iṣu.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ayépé, sí ọgbà adìẹ Ọ̀gbẹ́ni Gilbert. Adìẹ àgíríìkì rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀ nínú àgò onírin, aláwọ̀ pupa, wọ́n sanra. Nígbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ àgíríìkì, ojú ọlá ni àwa tí a kàwé fi ń wò ó. Ẹyin wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan kún ọwọ́ mi.

“Tíṣà, kéèkì lẹ fẹ́ ṣe ni?” Gilbert bi mí.

“Ìwọ ṣáà fún mi ní mẹ́wàá tó tóbi jù.”

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ètò mi kó má baà dé etí Ràmọ́tà. Ká ní mo la ẹnu mi sọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹyin ṣe fún ọmọkùnrin yẹn ni, ẹ̀rín ni ì bá fi mí rín, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí sí Ayépé.

Mo délé, mo mú báírò pupa, mo kọ nọ́mbà sí ẹyin lára láti orí oókan dé orí ẹẹ́wàá, Mosún sì kó wọn sábẹ́ adìẹ. Mo gé páálí, mo fa ìlà sí i fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, mo kan án mọ́ ògiri ilé ìdáná. Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ àdúgbò pé kí wọ́n wá sí ilé tíṣà ní ọjọ́ kọkànlélógún, wọn yóò rí òròmọdìẹ tó ń jáde, wọn yóò sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí mo parí, mo pe Mosún.

“Wò ó, èmi àti ìwọ la ó jọ ṣe tiwa. Títí di ọjọ́ tí ẹyin yóò pa, o lè máa lọ sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹyin mi bá pa, o ti parí pẹ̀lú ẹlẹ́ní nìyẹn. O ò ní fẹsẹ̀ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọlidé tàbí kì í ṣe ọlidé. Nínú ilé yìí ni wàá ti máa kẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá pa, máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ọ́. Mi ò ní dá ọ dúró mọ́.”

“Títí láé, Màámi?”

“Títí láé.”

Ó wo ẹyin, ó wò mí. “Ó dáa, Màámi.”

Òun ló wá ń bójú tó adìẹ náà, nítorí, kí n má purọ́, mo bẹ̀rù àgógó adìẹ. Adìẹ tó ń sàba kò mọ tíṣà. Òun ló ń gbé e dìde kó lọ jẹun, òun ló ń yí ẹyin. Èmi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fa ìlà sórí páálí.

Ní ọjọ́ kejì, ó ti ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bi í pé ta ló nà án. Ó ní kò sẹ́ni tó na òun. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀.

“Màámi, tí ẹyin yín kò bá pa ńkọ́?”

“Kí ló dé tí kò ní pa? Wàá rí i pé yóò pa.”

“Tí kò bá wá pa?”

“Ojú á tì mí nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí mo pè yìí á ní tíṣà kò mọ nǹkan kan. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, Mosún. Lọ jẹun.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo pè é. Mo kọjú sí iṣẹ́ mi, mo gbàgbé ẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo gbọ́ ohùn nínú ilé ìdáná, píyọ́píyọ́, píyọ́píyọ́. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo yọjú, mo rí orí kékeré kan lábẹ́ ìyẹ́ adìẹ dúdú, orí kejì, orí kẹta. Yéè! Mo kígbe tí àwọn ará ilé kejì fi jáde. Ọjọ́ méjì ṣáájú ohun tí ìwé wí! Ó yẹ kí n fura. Ṣùgbọ́n ẹni tí owú ń jẹ kì í fura sí oríire. Mo ní ẹyin àgíríìkì mà ni, nǹkan òyìnbó kì í jáfara.

Kí oòrùn tó gòkè, àwọn ọmọ ti kún ẹ̀yìnkùlé mi. Òròmọdìẹ mẹ́rin ló yọ. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìtọ́ka mi, mo ń ṣàlàyé bí ọmọ inú ẹyin ṣe ń fi àgógó gún èèpo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mosún ló jókòó ti agbọ̀n adìẹ, tó ń mú òròmọdìẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan fún wọn láti rí, tó sì tún ń tọwọ́ bọ abẹ́ adìẹ kíákíá. Mo ní kó kó àwọn ẹyin tó ti di òbu dà nù kí wọ́n má baà fi òórùn lé àlejò mi lọ, ó sì ti kó wọn lọ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ràmọ́tà náà wá. Ó dúró lẹ́nu géètì, koríko ẹní wà lára ìró rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kú oríire o.”

“Ẹ ṣeun o, Ìyá Ẹlẹ́ní.” Ẹnu mi kò gbà mí láti dákẹ́. “Mo gbọ́ pé ti ọ̀dọ̀ yín náà pa lónìí, pé méjì péré ni.”

“Méjì ni o, Tíṣà. Alihamudulilahi.”

Méjì! Tèmi mẹ́rin! Inú mi dùn tí n kò mọ ibi tí n ó gbé e sí. Níṣojú rẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti yíjú sí ọmọ mi, mo ní, “Mosún, o rántí àdéhùn wa?”

“Mo rántí, Màámi.”

Ràmọ́tà tún ìró rẹ̀ so, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ ayé ìṣẹ́gun yẹn, kò sì dùn tó bí mo ṣe rò. Mosún kò kọjá ògiri. Kò bẹ̀ mí, kò bínú, kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, n bá ní kó pa ẹnu mọ́, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń fọ àwo, ó ń bọ́ òròmọdìẹ, ó ń dá mi lóhùn “Ẹ̀n, Màámi, ẹ̀n, Màámi.” Bí àwọn ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, yóò dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ̀rín náà yóò fi tán. Mo ti gba ọmọ mi padà, ó wà níwájú mi láàárọ̀, ó wà níwájú mi lálẹ́, síbẹ̀ owú kò fi mí sílẹ̀. Mo wá ń jowú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tó ń ronú kàn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ní kí n gbá ilé ìdáná. Adìẹ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, n kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Mo gbé agbọ̀n náà, mo gbọn koríko inú rẹ̀ dà sílẹ̀, èèpo ẹyin kan sì bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi. Mo mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó kéré. Ó funfun. Nọ́mbà méje wà lára rẹ̀ ní pupa.

Ẹ gbọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi máàkì ìwé ọmọ. Bí ẹ bá da ìwé ogójì ọmọ pọ̀ mọ́ra tí ẹ bo orúkọ wọn, n ó mọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méje tèmi kì í ní ìlà láàárín. Walter ló máa ń fa ìlà sí àárín méje tirẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Mosún ti kọ́ ọ. Méje tó wà lára èèpo yẹn ní ìlà láàárín.

Mo jókòó sórí àpótí ìdáná. Ẹyin Ayépé pupa ni, ó kún ọwọ́. Èyí kò kún ọwọ́ ọmọdé. Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, kò yí padà. Mo so ìró mi, mo yí ògiri kọjá, mo lọ bá Ràmọ́tà.

Òun nìkan ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń hun ẹní.

“Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹyin ta nìyí?”

Ó wo èèpo náà, kò yẹjú. “Ti adìẹ mi ni, Tíṣà. Ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó. Kí ló wá ṣe lábẹ́ adìẹ tèmi?”

“Ẹyin tí ẹ rà ní Ayépé kò lè pa, Tíṣà. Àwọn adìẹ tó yé e kò rí àkùkọ rí láyé wọn. Inú àgò ni wọ́n wà. Bí adìẹ yín bá sàba lé e títí di ọdún tó ń bọ̀, òbu ni yóò dà.”

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlẹ̀. Àkùkọ! Mo ti ya àkùkọ àti àgbébọ̀ sí ojú pátákó pẹ̀lú ọfà láàárín wọn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ti na ọmọ tó gbàgbé àkùkọ nínú ìdánwò. Ó wà lórí mi bí orin, kò sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo rí ẹyin tó tóbi ju ti Ràmọ́tà lọ.

“Ìwọ lo wá pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilé mi?” Nínú ìbínú, mo ti gbàgbé “ẹ” tí mò ń fún un.

“Rárá o. Ọmọ yín ló wá tọrọ márùn-ún. Ọjọ́ kejì tí ẹ fi ẹyin sábẹ́ adìẹ ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ní ó pupa, ó sì tóbi, ó ní Ayépé lẹ ti rà á. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó lọ sílé, ó tún padà wá, ó ń sunkún. Ó ní gbogbo ọmọ lẹ ti pè, ó ní ojú yóò tì yín. Adìẹ mi ti ṣáájú tiyín sàba ní ọjọ́ díẹ̀. Mo mú márùn-ún lábẹ́ rẹ̀ fún un. Òun ló kọ nǹkan sí i lára.”

“Ṣé ó sọ àdéhùn tó wà láàárín èmi àti òun?”

“Ó sọ ọ́.”

“O wá mọ̀ pé bí ẹyin bá pa, kò ní wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́?”

“Mo mọ̀.” Koríko tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà kò bọ́ sí ibi tó fẹ́ kó bọ́ sí. “Mo bi í léèrè, Tíṣà. Mo ní, ‘Mosún, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe báyìí?’ Ó ní òun mọ̀. Ó ní, ‘Ìyá mi ni.’ Kí ni kí n wá sọ sí ìyẹn?”

Omi wà lójú rẹ̀. Kò nù ún. Ká ní ó bú mi ni, n bá bú u padà, n bá sì ráyè lọ sílé pẹ̀lú ìbínú mi. Kò bú mi. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú èèpo ẹyin, mo sì tún jowú rẹ̀ lákọ̀tun, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tí mo bí, tí mo fi ọdún mọ́kànlá wá, ọwọ́ obìnrin yìí ni mo ti gbà á, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi láìsọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá èmi lè ṣe é fún un. Mo rò ó dáadáa níbẹ̀: mi ò lè ṣe é.

Mo padà sílé. Mosún lóṣòó lẹ́yìnkùlé, ó ń fi àwo ìkẹ́mù da àgbàdo gígún fún àwọn òròmọdìẹ.

“Mosún, dìde. Máa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ní.”

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò. “Ṣùgbọ́n ẹyin yín pa, Màámi.”

“Mo ní kí o máa lọ.”

“Ẹyin yín pa. Mẹ́rin. Èmi ni mo mú wọn jáde, gbogbo wa la rí i.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

Olúwa mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo wò ó, mo rí i pé kò ní sọ ọ́. Bí mo bá nà án, kò ní sọ ọ́. Yóò dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, yóò lọ sílé ọkọ pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹyin ìyá òun pa.

Láti ọjọ́ tí mo ti di tíṣà, n kò sọ fún ọmọ kankan rí pé mo ṣì. Bí mo bá kọ ìkọkúkọ sí pátákó, mo máa ń nù ún kíá kí wọ́n tó gbójú sókè. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀ nínú erùpẹ̀.

“Ẹyin mi kò pa, Mosún. Ẹyin àgíríìkì ni, kò ní àkùkọ, kò lè pa. Èmi ni mo ṣì. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Ó wo àwo àgbàdo ọwọ́ rẹ̀. “Ṣé kí n máa lọ lóòótọ́?”

“Máa lọ.”

Ó gbé àwo àgbàdo lé mi lọ́wọ́, ó sì sáré. Kò wẹ̀yìn, kò wọ bàtà. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí Ràmọ́tà kígbe orúkọ rẹ̀, ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lódìkejì ògiri, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Owú ń jẹ mí. Àwọn òròmọdìẹ ń ké mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn.